Ta Ló Pa Ilé Ìyá Alágbàfọ̀ Lẹ́nu Mọ́?

Òórùn ló mú mi ṣí fíríìjì náà. Wọ́n ti gbé òkú kúrò nínú ilé, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn pa, síbẹ̀ nǹkan kan ń jẹrà ní ilé ìdáná. Mo fi ìborùn bo imú, mo fà á. Ẹja ti di ẹrẹ̀, wàrà ti yapa, tòmátì ti hu irun funfun. Lórí pẹpẹ òkè, láàárín ẹja àti wàrà, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò kan wà níbẹ̀.

"Sájẹ́ǹtì, wá wo nǹkan."

Sájẹ́ǹtì mi jẹ́ ọkùnrin tó máa ń sọ̀rọ̀ tán kó tó rò ó. Ó wo kọ́kọ́rọ́ náà, ó fún imú pọ̀.

"Ogbó ni, mà. Ìyá tèmi náà fi eyín rẹ̀ sínú ike iyọ̀ rí. Gbogbo ilé wá a títí."

"Eyín yẹn, ṣé ti ìyá rẹ ni?"

"Ti ìyá mi ni."

"Ó dáa. Obìnrin yìí ò ní mọ́tò. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ò ní. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ta ni ogbó ń bá a gbé sínú fíríìjì?"

Ó dákẹ́. Tí Sájẹ́ǹtì bá ti dákẹ́, ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn.

Ìyá Alágbàfọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin tó kú náà. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́. Aṣọ ẹlòmíì ló fi ọwọ́ fọ̀ tó fi tọ́ ọmọ méjì dàgbà, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Aládùúgbò rẹ̀ ló bá a nílẹ̀ pálọ̀ láàárọ̀ Sátidé, orí rẹ̀ lẹ́bàá tábìlì kékeré, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ti gbẹ sára igi. Dókítà ní etí tábìlì ló gbá a lórí. Bóyá ẹnì kan ló tì í o, bóyá òun fúnra rẹ̀ ló ṣubú o, òun ò lè búra. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára rẹ̀. Ó tún sọ ohun kan tí mi ò fẹ́ gbọ́, pé kò kú lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀gá mi ò dúró de ìbúra dókítà. Ìdajì àdúgbò ló gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tó ń pariwo lé ìyá rẹ̀ lórí. Káfíńtà ni ọmọ náà. Wọ́n lọ mú un ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, eruku pákó ṣì wà nírun rẹ̀. Ọ̀gá ní lọ́jọ́ Ajé, ilé ẹjọ́ ni. Ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí kí àwọn oníwèé ìròyìn tó gbọ́, nítorí ọmọ kejì.

Ọmọ kejì ni gbogbo ayé ń wò. Ètò kan wà lórí tẹlifíṣàn tí wọ́n ń pè ní Ilé Aláìnílẹ̀kùn. Wọ́n á kó àwọn ọ̀dọ́ sínú ilé ńlá kan, wọ́n á ti gbogbo wọn mọ́bẹ̀, wọ́n á gbé kámẹ́rà sí gbogbo igun. Àwọn ènìyàn á máa wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń jẹun, bí wọ́n ṣe ń jà, bí wọ́n ṣe ń sùn. Òǹwòran á máa dìbò yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá kẹ́yìn ló ni ilé. Ọmọbìnrin yìí ò tíì jáde. Ẹlẹ́rìn-ín ni wọ́n ń pè é, nítorí ẹ̀rín rẹ̀ ni wọ́n ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Òfin ibẹ̀ ni pé ìròyìn ìta kì í wọlé. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ìyá rẹ̀ sí yàrá òkú, mo tan tẹlifíṣàn, ó ń jó.

"Mà," Sájẹ́ǹtì pè mí láti pálọ̀. "Wọ́n ò mú iná lọ o. Wáyà fíríìjì ni wọ́n fà yọ. Ti fáànù náà rèé."

Lóòótọ́. Wọn ò fà á jábọ́, wọ́n ká wáyà méjèèjì dáadáa ni. Aago ògiri pàápàá ò sí níbi tó yẹ kó wà. Wọ́n ti sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí àga, bátìrì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Olè ni," Sájẹ́ǹtì ní.

"Olè wo ló ń yọ bátìrì tó ń fi aago sílẹ̀?"

"Ọmọ rẹ̀ ni, nígbà náà. Ó ń bínú. Òun ló ra fíríìjì, ó ní kí ìyá ẹ̀ má gbádùn ẹ̀ mọ́."

Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Mo ti rí ọmọ tó gbé ilẹ̀kùn tó ṣe fún bàbá rẹ̀ lọ. A lọ bi í.

*

Káfíńtà náà jókòó sílẹ̀ nínú àtìmọ́lé, ó gbé ẹ̀yìn ti ògiri. Ọkùnrin ńlá ni, ọwọ́ rẹ̀ le bí pákó.

"Kí ló dé tó o fi yọ iná fíríìjì ìyá rẹ?"

Ó gbójú sókè. "Fíríìjì? Èmi ni mo rà á fún wọn, mà. Kí ni mo fẹ́ yọ ọ́ fún?"

"Ìwọ ló ń pariwo lọ́jọ́ Ẹtì."

"Èmi ni."

"Kí ló fà á?"

"Mo ti sọ fún ọ̀gá yín. Wọ́n ní ẹnu mi dùn."

"Èmi ò sọ pé ẹnu rẹ dùn. Sọ ọ́."

Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò rẹ̀. "Àbúrò mi sọ lórí tẹlifíṣàn pé òun ò ní ẹnì kankan láyé àfi ìyá òun. Wọ́n bi í pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ńkọ́. Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi? Igi ni, igi ló sì ń bá sọ̀rọ̀.' Látìgbà náà, tí oníbàárà bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n á ní, 'Igi, ẹ kú iṣẹ́ o.' Mo lọ bá Màmá kí wọ́n bá mi dá sí i. Mo bá wọn nínú aṣọ tó dáa jù tí wọ́n ní, wọ́n ti lẹ àtíkè. Mo ní, Màmá, ṣé ẹ ń jáde ni? Wọ́n ní rárá. Ṣé àlejò ń bọ̀ ni? Wọ́n ní rárá. Ojú wọn ò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n sì ti yí àga padà, gbogbo rẹ̀ kọjú sí fèrèsé."

"Lẹ́yìn náà?"

"Wọ́n tì mí jáde." Ó fi ọwọ́ hàn mí, bí ẹni tó ń ti pákó. "Wọ́n dì mí lápá, wọ́n ń tì mí. 'Máa lọ, máa lọ, ọ̀la ni kó o wá.' Èmi àkọ́bí wọn. Wọn ò tilẹ̀ jẹ́ kí n jókòó. Ìgbà yẹn ni mo pariwo. Mo ní títí mo fi máa kú, ẹsẹ̀ mi ò ní tẹ ilé yẹn mọ́."

Ó wo ilẹ̀.

"Ohun tí mo sọ fún wọn kẹ́yìn nìyẹn, mà."

Sájẹ́ǹtì yí ojú sí ògiri. Mo bi Káfíńtà bóyá ó mọ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò tó wà lọ́wọ́ mi. Kò mọ̀ ọ́n. Mi ò rí irọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti rí irọ́ tó mọ́ ju ojú ẹ̀ lọ, nítorí náà mi ò sọ nǹkan kan fún un.

*

Obìnrin aránṣọ tó bá òkú ló ń gbé lódìkejì ògiri pálọ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ń lọ nígbà tí a wọlé, kò dá a dúró.

"Mo ti sọ tẹnu mi. Mo gbọ́ ariwo ọmọ ẹ̀. Ó pariwo, ó gbá ilẹ̀kùn, ó lọ."

"Ẹ gbọ́ pé ó lọ?"

"Ṣé mo dití ni? Ó tàpá sí garawa mi lójúde, ó sì ní kí n má bínú."

"Lẹ́yìn tó lọ ńkọ́?"

"Bọ́ọ̀sì funfun kan dé. Mo rò pé àwọn tó ń kó aṣọ wá fún un ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni fáànù ẹ̀ dákẹ́."

Mo sún mọ́ ọn. "Fáànù dákẹ́?"

Ó dá ẹ̀rọ dúró nígbà yẹn. "Ìyá Ìbéèrè," ó ní, àṣé ó mọ orúkọ tí wọ́n ń pè mí lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá, "fáànù yẹn ti ń dún létí mi láti ọdún tí mo kó dé ibí. Ká-ká-ká, bí akúwárápá. Ìyá yẹn kì í pa á, kódà nígbà òtútù. Lọ́jọ́ yẹn ó dákẹ́, mo ní ọpẹ́ ni o. Kò pẹ́, ìyá kígbe. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

"Ẹ ò sì lọ wò ó."

"Ó máa ń kígbe tí wọ́n bá ń dìbò lórí ètò ọmọ ẹ̀. Mo ní bóyá wọ́n ti yọ ọmọ náà." Ó fọwọ́ nu aṣọ tó ń rán, aṣọ náà ò dọ̀tí. "Tí mo bá mọ̀ ni…"

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ èyí fún ọlọ́pàá?"

"Wọ́n bi mí pé ṣé mo gbọ́ ohùn ọmọ ẹ̀. Mo ní mo gbọ́. Ta ló bi mí nípa fáànù?"

Bọ́ọ̀sì funfun náà gba àárọ̀ odidi kan lọ́wọ́ wa lásán. Sájẹ́ǹtì rí awakọ̀ òtẹ́ẹ̀lì kan tó máa ń kó aṣọ ibùsùn wá fún Ìyá Alágbàfọ̀, bọ́ọ̀sì rẹ̀ sì funfun. Sájẹ́ǹtì ti ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Kọ́kọ́rọ́ náà ò wọ bọ́ọ̀sì ọ̀hún rárá. Lọ́jọ́ Ẹtì náà, ìlú mìíràn ni awakọ̀ wà, ọ̀gá rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Ìgbà tí a sọ fún un pé ìyá náà ti kú, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn òtẹ́ẹ̀lì, ó ní, "Bọ́tìnnì mi tó bá já, wọ́n máa ń bá mi rán an. Mi ò bẹ̀ wọ́n rí." Sájẹ́ǹtì bẹ̀ ẹ́ kó má bínú.

*

A padà sí pálọ̀ Ìyá Alágbàfọ̀. Mo jókòó sórí àga tó kọjú sí fèrèsé.

"Sájẹ́ǹtì, fíríìjì, fáànù, aago. Kí ló pa wọ́n pọ̀?"

"Iná."

"Bátìrì ni aago ń lò."

"Òun ló ni gbogbo wọn."

"Òun ló ni ìgbálẹ̀ náà, wọn ò fọwọ́ kàn án."

Ó họ orí. Mo ní kó lọ tan fíríìjì náà, kó tan fáànù, kó dá bátìrì aago padà. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Fíríìjì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Fáànù ń dún bí aránṣọ ṣe wí. Aago ń ta kì, kì, kì. Ilé náà kún fún ariwo tí ènìyàn ò ní gbọ́ tó bá ti ń gbébẹ̀.

"Pa wọ́n."

Ó pa wọ́n. Mo gbọ́ èémí Sájẹ́ǹtì fúnra rẹ̀. Ó wò mí, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀.

"Ariwo," ó ní. "Gbogbo wọn ló ń pariwo."

"Ta ló máa ń fẹ́ kí ilé arúgbó dákẹ́ rọ́rọ́?"

"Ẹni tó fẹ́ sùn."

"Tàbí ẹni tó fẹ́ fetí sílẹ̀. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ó wọ aṣọ tó dáa, ó lẹ àtíkè, ó yí àga kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé lè máa bọ́ sí i lójú. Ó ń retí ẹnì kan, kò sì gbọdọ̀ sọ. Jẹ́ ká lọ wo aṣọ yẹn."

Àwọn tó ń tọ́jú òkú ti ká aṣọ náà sínú àpò ọ̀rá. Mo tú u síta, mo yẹ inú rẹ̀ wò. Lẹ́yìn ojú bọ́tìnnì kejì, téèpù dúdú kékeré kan lẹ̀ mọ́ ọn, ó ti ya díẹ̀. Èmi ò mọ ohun tó wà fún. Sájẹ́ǹtì mọ̀ ọ́n, nítorí pé aya rẹ̀ kì í jẹ́ kó wo ìròyìn, ètò Ẹlẹ́rìn-ín ni wọ́n ń wò.

"Bí wọ́n ṣe ń lẹ máíkì mọ́ wọn láyà nìyẹn, mà. Nínú Ilé Aláìnílẹ̀kùn."

Mo ká aṣọ náà padà sínú àpò ọ̀rá, mo ní kó lọ gbé ọkọ̀ wá.

*

Olùdarí ètò náà jẹ́ ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ dùn. Ó bá wa kẹ́dùn kí a tó jókòó. Ó ní àwọn gbọ́ nípa ikú ìyá náà, pé ó ba àwọn lọ́kàn jẹ́ gidigidi.

"Ẹ ti sọ fún ọmọ rẹ̀?"

"Màmá, ìpinnu tó le ni. Ọpọlọ àwọn olùdíje la ń dáàbò bò. Ìgbésí ayé gan-an la ń fi hàn níbí, ohun tó mọ́, ohun tó jẹ́ òótọ́…"

"Ta ló ń yan èyí tẹ́ ẹ máa fi hàn?"

"Ẹ jọ̀ọ́?"

"Ẹ ò sọ fún un. Ìyẹn ni mo bi yín. Ṣé ẹnì kan níbí lọ sí ilé ìyá náà lọ́jọ́ Ẹtì?"

"Rárá o."

Ó dáhùn kíákíá. Mo ní òùngbẹ ń gbẹ mí, kí wọ́n mú wa yí ká ibi iṣẹ́ wọn. Ó fi ẹ̀rín músẹ́ gbà. Ó mú wa dé yàrá kékeré kan tí wọ́n ń pè ní yàrá àṣírí. Ibẹ̀ ni olùdíje kọ̀ọ̀kan ti máa ń jókòó lóun nìkan síwájú kámẹ́rà, tá á sì sọ ohun tó ń pamọ́ fún àwọn yòókù. Kò sí olùdíje níbẹ̀ lásìkò náà. Ọkùnrin kan tó ti ń hu ewú ló ń tún wáyà ṣe nílẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ ohùn létí wà lọ́rùn rẹ̀. Agbohùn ni wọ́n ń pè é.

Fíríìjì kékeré kan wà ní igun yàrá. Mo lọ ṣí i láti mu omi. Kò sí iná nínú rẹ̀, omi rẹ̀ ò tutù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò omi, ìdì kọ́kọ́rọ́ ilé kan wà níbẹ̀.

Mo fi ìka gbé e sókè. "Ta ló ni èyí?"

"Tèmi ni, mà." Agbohùn rẹ́rìn-ín, ojú tì í díẹ̀. "Fíríìjì máa ń kùn sínú ohùn, a máa ń pa á tí a bá fẹ́ gba ohùn sílẹ̀. Tí mo bá fi kọ́kọ́rọ́ mi sínú ẹ̀, mi ò lè lọ sílé láìrántí tan án padà. Gbogbo àwa oníṣẹ́ ohùn la…"

Ó ti gbọ́ ohun tó ń tẹnu rẹ̀ jáde. Olùdarí náà gbọ́ ọ.

"Kọ́kọ́rọ́ ilé lẹ fi síbí lónìí," mo ní. "Ti mọ́tò ńkọ́?"

"Bọ́ọ̀sì ni mo ń wọ̀ báyìí, mà."

Mi ò bá a jiyàn. Mo ní kí gbogbo wa jọ jáde sí ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Mo mú kọ́kọ́rọ́ inú fíríìjì Ìyá Alágbàfọ̀ jáde nínú àpò mi, mo tẹ bọ́tìnnì orí rẹ̀. Ní ìdí ògiri, lábẹ́ igi kan, mọ́tò kékeré kan tí eruku ti bò ṣẹ́ iná sí wa lẹ́ẹ̀mejì.

Agbohùn jókòó sílẹ̀ lórí yẹ̀pẹ̀. Kò sẹ́ni tó tì í.

"Má sọ nǹkan kan," Olùdarí sọ fún un. Ohùn rẹ̀ ò dùn mọ́.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n sọ ọ́," Agbohùn ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kí n lè sùn."

*

Mo ní kí Sájẹ́ǹtì mú Olùdarí lọ sẹ́yìn. Èmi àti Agbohùn jókòó sínú mọ́tò eléruku náà.

"Ètò kan ni wọ́n fẹ́ ṣe, mà. Ìfẹ́ Ìyá ni wọ́n pè é. Wọ́n sọ fún ìyá náà pé wọ́n máa yà á lẹ́nu, pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni, tó bá sọ, wọ́n á yọ ọmọ rẹ̀. Ó lóun ò ní sọ. Ó ní kò sóhun tóun ò lè ṣe fún ọmọ òun."

"Ọmọkùnrin rẹ̀ wá."

"A wà nínú bọ́ọ̀sì ní ìkángun àdúgbò, a ń wo bí ó ṣe ń lọ. A dúró títí ó fi ṣẹ́ kọ́nà. Nígbà tí a wọlé, ìyá náà ti nu ojú ẹ̀, ó tún àtíkè lẹ̀. Ó bi mí bóyá ojú òun dáa."

"Lẹ́yìn náà?"

"Mo pa ohun tó ń dún. Mo lẹ máíkì mọ́ ọn. Òṣèré kan wọlé nínú aṣọ dókítà. Ó ní, 'Màmá, ẹ mọ́kàn le. Ọmọ yín ṣubú nílé ìwẹ̀. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.' Ojú ẹ̀ ni wọ́n fẹ́ yà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ohùn ọmọ ẹ̀ á jáde nínú tẹlifíṣàn, 'Màmá mi, èmi rèé o!' Ọmọ náà ti sọ ọ́ sílẹ̀ fún wa. Ó rò pé a fẹ́ fi kí ìyá ẹ̀ ni."

"Ohùn náà jáde?"

"Ó jáde. Ìyá ti wà nílẹ̀ nígbà yẹn. Ọ̀rọ̀ dókítà yẹn ló gbọ́ tó fi dìde, ó kígbe, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó ṣubú, orí ẹ̀ gbá tábìlì. Ohùn ọmọ ẹ̀ ń pè é, kò dáhùn." Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rọ ọrùn rẹ̀ mú. "Ọ̀gá fọwọ́ kan ọrùn ìyá náà, wọ́n ní ó ti kú, wọ́n ní ká palẹ̀ mọ́. Gbogbo wọn ń sáré kó iná, wọ́n ń kó kámẹ́rà. Èyí ṣì wà létí mi. Máíkì ṣì wà láyà ẹ̀."

Mo ti mọ ohun tó kàn. Mi ò fẹ́ kó sọ ọ́, ṣùgbọ́n òun ni iṣẹ́ mi.

"Kí lo gbọ́?"

"Ó ń mí, mà. Díẹ̀díẹ̀. Kò sí ohun mìíràn tó ń dún nínú ilé yẹn, èmi ni mo pa gbogbo rẹ̀. Mo ń gbọ́ ọ kedere bí ẹni pé ó sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

"O sọ fún wọn?"

"Mo ní, 'Ọ̀gá, mo ń gbọ́ nǹkan.' Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, 'Kò sóhun tó ò ń gbọ́.'"

"Ìwọ wá ńkọ́?"

Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún.

"Mo yọ máíkì," ó ní.

Nínú ọkọ̀ ọlọ́pàá, Olùdarí sọ fún mi pé ìyá náà fọwọ́ sí i. Mo ní kí ló fọwọ́ sí? Ó ní ìyàlẹ́nu. Ó ní èmi ò lè lóye rẹ̀, pé àwọn òǹwòran ló ń béèrè ohun tó jinlẹ̀. Mo sọ fún un pé kó bá Sájẹ́ǹtì sọ̀rọ̀, pé Sájẹ́ǹtì ni òǹwòran. Sájẹ́ǹtì ò dá a lóhùn títí a fi dé.

*

Ọ̀gá mi ló tú Káfíńtà sílẹ̀, ó sì tọrọ gáfárà, ojú ń tì í. Èmi ni mo sọ ìyókù fún un lórí bẹ́ǹṣì iwájú àgọ́. Mi ò fi epo pa á. Mo sọ èyí tó le, ìyẹn èémí ìyá rẹ̀. Mo sì sọ ìdí tí ìyá rẹ̀ fi tì í jáde.

Ó yí ọwọ́ rẹ̀ wò síwá sẹ́yìn.

"Nítorí àwọn yẹn ni."

"Nítorí àwọn yẹn ni. Wọ́n ní tí ẹnikẹ́ni bá mọ̀, wọ́n á lé àbúrò rẹ. Ó ní ọ̀la ni kó o wá. Ọ̀la náà ló ní lọ́kàn."

"Wọ́n ti ń retí mi lọ́la, nígbà náà."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó mi orí. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní òun fẹ́ bẹ̀ mí lọ́wẹ̀ kan, kí n jẹ́ kó jẹ́ òun ló máa sọ ọ́ fún àbúrò òun, kí ó má gbọ́ ọ lẹ́nu àjèjì.

Igbákejì Olùdarí, ọmọbìnrin kan, bẹ̀ mí lẹ́nu ọ̀nà Ilé Aláìnílẹ̀kùn pé kí n jẹ́ kí kámẹ́rà kan péré máa ṣiṣẹ́. Ó ní gbogbo orílẹ̀-èdè fẹ́ bá Ẹlẹ́rìn-ín sunkún. Mo ní kí gbogbo orílẹ̀-èdè lọ sunkún nílé wọn. Sájẹ́ǹtì wọ yàrá ẹ̀rọ, ó fọwọ́ ara rẹ̀ pa gbogbo rẹ̀, mo sì dúró títí mo fi rí i pé iná pupa orí gbogbo kámẹ́rà ti kú.

Ẹlẹ́rìn-ín wà lórí àga gígùn nínú pálọ̀ ńlá wọn, ó ń bá ẹnì kan di irun. Dígí ló yí ògiri ká. Bó ṣe rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó pariwo, ó sáré, ó fò mọ́ ọn lọ́rùn. Ẹ̀rín náà dáa ju bó ṣe rí lórí tẹlifíṣàn lọ.

"Bùọ̀dá mi! Ẹ̀yin ni wọ́n mú wá? Ẹ ò bínú sí mi? Àwọn ni wọ́n ní kí n sọ ti igi yẹn, wọ́n ní kí n sọ ọ́ kó pani lẹ́rìn-ín. Màmá dà?"

Ó dì í mú. "Jókòó, àbúrò mi."

"Màmá dà? Wọ́n sá pamọ́ ni?"

"Màmá ti kú."

Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó wò mí. Ó gbójú sókè wo igun òrùlé, níbi tí kámẹ́rà wà. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀.

"Bùọ̀dá, ẹ gbìyànjú o. Ẹ ò mọ irọ́ pa. Ta ló kọ́ yín lóhun tẹ́ ẹ máa sọ?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi."

"Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní ilé àwọn bàbá ọmọkùnrin tó ń ta gìtá níbí ti jóná. Ó yí mọ́lẹ̀, ó sunkún títí. Irọ́ ni. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín nígbà tó yá." Ó rọra fọwọ́ gbá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láyà. "Ẹ sọ fún wọn pé mo ti mọ̀. Kí Màmá máa bọ̀."

"Wọ́n ti pa kámẹ́rà," mo ní. "Ọlọ́pàá ni mí, ọmọ mi. Òótọ́ ni."

"Ọlọ́pàá tọ̀sẹ̀ tó kọjá náà wọ aṣọ tó dáa ju tiyín lọ, mà." Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì ń sunkún bí ọkùnrin tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹlẹ́rìn-ín dúró lórí rẹ̀. Ó tún irun ara rẹ̀ ṣe, ó gbé àgbọ̀n sókè, ó yíjú sí dígí tó tóbi jù, níbi tí àwọn tó máa pàtẹ́wọ́ ti máa ń jáde tí irọ́ bá tú. Ẹ̀rín ṣì wà lójú rẹ̀. Ó ń dúró dè wọ́n. Gbogbo wa bá a dúró, a kò lè mira, títí tí ẹ̀rín náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún lẹ́nu, tí kò sì sí ẹnì kankan tó jáde.